Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí Bàbá Mi ní Hamburg

Bí ẹ ṣe ń wò mí yìí, ẹ̀yin ọmọ, èmi náà ti kéré rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi àti màmá mi sì ń gbé ní Marzahn ní Berlin, lókè ilé gogoro kan. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Hamburg, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń wálé. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ọjọ́ tí àṣírí tú, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n gbà lọ.

Màmá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ní ìjọ, wọ́n ní ọkọ àwọn rìnrìn àjò. Ni wòlíì bá ń gbàdúrà ìrìn àjò fún bàbá mi lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, pé wọn ò ní fẹsẹ̀ kọ, wọn ò ní rí ìjàǹbá ọ̀nà. Àwa méjèèjì yóò sì máa ṣe àmín ju gbogbo ìjọ lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá pa yín lẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín nígbà náà, ojú ń tì mí.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí a tó rí Besuchsschein gbà, ìwé àṣẹ tí a fi ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ kí èèyàn. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa. Nínú ọkọ̀ ojú irin, màmá mi ń nu bàtà mi, wọ́n sì ń kọ́ mi.

"Tó o bá ti rí daddy ẹ, kúnlẹ̀ dáadáa o. Kí wọ́n má lọ rò pé mi ò kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́."

Mo gbọ́ràn. Bí bàbá mi ṣe jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí wọ́n ti rù kan eegun, mo sáré lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé mi dìde. Wọ́dà tó ń ṣọ́ wa kò rí ìkíni o! Ohun tó rí ni ọmọ tó ń fi nǹkan lé ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì. Ó pariwo pé kí n dìde, ó fa bàbá mi sẹ́yìn, ó ń bi mí ohun tí mo fún wọn.

Màmá mi ń kígbe, "Please, na greeting! Sọ fún un, sọ fún un ní German!"

Èmi nìkan ni mo gbọ́ Jámánì dáadáa nínú ilé wa, èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn ní ọ́fíìsì gbogbo. Lọ́jọ́ yẹn, ẹkún nìkan ló jáde lẹ́nu mi. Wọ́dà tú bàtà mi wò, kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ ó ní ìbẹ̀wò ti parí. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn gíláàsì la ti ń rí bàbá mi.

Mo gbà pé èmi ni mo ba ti gbogbo wa jẹ́. Mi ò jẹun, mi ò sọ̀rọ̀ nílé ìwé. Ìyá kan tó ń dirun ní ìjọ wa rí i pé irun mi ń já, ó sì fura. Ó ní, "Ìyàwó, ibo gan-an ni ọkọ ẹ wà? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o." Màmá mi bú sẹ́kún, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà kò ròyìn wa fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọkọ tirẹ̀ náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó ń bá wa lọ sí Hamburg lóṣooṣù, ó tún wá ẹni tó bá wa kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọgbà náà, pé ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin Yorùbá fi ń kí bàbá rẹ̀. Ìdáhùn dé: wọ́n gbà kí n jókòó ti bàbá mi lóṣù tó ń bọ̀. Kí oṣù náà tó pé, ìjọba ti dá bàbá mi padà sí Èkó.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Mo gbọ́ pé àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní yàrá tí ọmọdé ti lè bá bàbá rẹ̀ ṣeré, àwọn èèyàn sì wà tí wọ́n ń sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Inú mi dùn fún wọn, ó sì ń dùn mí. Bàbá mi kú sí Èkó kí ìwé ìrìnnà tí a ó fi lọ rí wọn tó jáde. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, mi ò ní ìgboyà láti bi wọ́n bóyá wọ́n bínú sí mi.