Ọkọ Mi Tó Ń Gun Tírélà

"Tẹ̀ ẹ́, ìyàwó!" Bí ọkọ mi ṣe máa ń ké láti abẹ́ tírélà nìyẹn, nígbà tí à ń gbé ní Alajo, kété lẹ́yìn òmìnira Gánà. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ló ń ṣe. Àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń gbé jíìpù ńlá wá, kí ó fa iná láti ara bátìrì dé ìdí búréèkì tírélà tí jíìpù náà ń wọ́ kiri. Èmi ni mo máa ń jókòó síwájú, tí mo ń tẹ búréèkì fún un. Tí táyà tírélà bá dì pinpin, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti gbọ́ ohùn rẹ."

Ọkọ mi kì í jẹ́ kí oníjíìpù gbé ọkọ̀ lọ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gun tírélà náà láti dán búréèkì rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ sí orí òkè Aburi. Oyún wà nínú mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún. Tí kò bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ńkọ́?"

Ó ní, "Tí ẹ̀rù bá ń ba èmi láti gùn ún, ṣé kí n wá gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn?"

Mi ò fọwọ́ kan kẹ́ńkẹ́ àgbàdo tí mo gbé síwájú títí ó fi dé ní ìrọ̀lẹ́, tí eruku pupa bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Búréèkì mú dáadáa. Mo bú sẹ́kún, ó sì jókòó tì mí.

Ibà ló padà mú un lọ, kí ọmọ wa tó rìn. Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ báyìí. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ṣì ń sùn sí, kí àyè ọkọ mi lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì.