Báàgì Tí Wọn Kò Gbọdọ̀ Tú

Apọnbáàgì ni wọ́n ń pe àwọn àlejò tó ń dé sí ilé àlejò kan nítòsí òkun, nítorí bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń pọn ọmọ ni wọ́n ń pọn báàgì: ńlá lẹ́yìn, kékeré láyà, ike omi lọ́wọ́. Wọn a ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn a fẹsẹ̀ rin gbogbo ìlú já, wọn a wá gba etíkun lọ láti ọ̀kan dé èkejì, wọn a sì máa sùn lórí iyanrìn bí ẹni tí kò nílé. Ohun tó ń mú ọmọ ènìyàn fi owó ara rẹ̀ ra ìyà, ẹ má bi mí.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló ń fọ aṣọ ibùsùn ilé náà. Òun ló ń nulẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù wà. Apọnbáàgì tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rin etíkun a fi báàgì ńlá sílẹ̀ níbẹ̀, yálà ó sùn nílé náà tàbí kò sùn. Ìyá a kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbé e wá sára páálí kékeré kan, a so ó mọ́ báàgì létí. Kò sí ìwé mìíràn lẹ́yìn páálí yìí. Bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ bá pé tí ẹni tó ni ẹrù kò dé, mánija a tú báàgì, àwọn òṣìṣẹ́ a sì pín ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn a ti máa ka ọjọ́ náà lórí ìka, ojú kì í tì wọ́n.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan gbé báàgì aláwọ̀ búlúù wá. Ó ní, "Ìyá, ọjọ́ mẹ́ta péré ni màá lò." Ọjọ́ mẹ́ta di oṣù kan, oṣù kan di méjì. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àádọ́rùn-ún pé, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ já páálí àtijọ́ kúrò, ó kọ tuntun, ó sì fi ọjọ́ òní sí i. Ó parí rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀.

Òun náà ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, tó pọn báàgì kọjá ẹnubodè pé òun ń lọ wo ayé. Kò tíì dé. Ìyá kì í sunkún nítorí rẹ̀. Ara rẹ̀ ti kú sí ọ̀rọ̀ náà, àti sí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá dápàárá, a rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan, a kí i kú àmúmọ́ra. Kò sí èyí tó ń dé ikùn nínú méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé òun kò fẹ́ kí wọ́n tú báàgì yẹn, nítorí báàgì tí a kò tíì tú ṣì ní ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí Ìyá pààrọ̀ páálí ni bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni báàgì búlúù dé, pẹ̀lú fọ́tò ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Mánija mú un wọ yàrá ẹrù, ó wo páálí.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn ló gbé e síbí."

"Ọjọ́ méjìlá kẹ̀? Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tá a gbóhùn ẹ̀ kẹ́yìn, ibí yìí ló sì ti pè wá! Ọmọ mi wà láàyè!" Bàbá dì mọ́ mánija, ó tún dì mọ́ báàgì.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ìyá," ni mánija wí, "ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà etíkun. Ẹ bá bàbá lọ, kẹ́ ẹ jọ bèèrè ẹ̀."

"Ó dáa, ọ̀gá."

Bàbá kọ̀ láti fi báàgì sílẹ̀. Ó ní ọmọ òun yóò nílò aṣọ tó mọ́. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún wá pọn báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Wọ́n gba àdúgbò àwọn tó ń lọ aṣọ kọjá, wọ́n gba iwájú ilé ẹja níbi tí omi yìnyín ti ń ṣàn gba títì, wọ́n já sí etíkun. Ẹnu bàbá kò dákẹ́. Ó ní bí ọmọ náà ṣe ga tó yẹn, adìẹ ń lé e títí ó fi pé ọmọ ogún ọdún. Ìyá ń dáhùn pé, "Ẹ̀n-ẹ́n."

Ní etíkun àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ń fi agboorùn háyà wo fọ́tò, ó wo ojú bàbá, ojú bàbá ló sì dá lóhùn. "Mo rí i, bàbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ẹ̀rín ló ń rín." Ìyá mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò tíì dìde lọ́jọ́ náà, irọ́ sì ti di méjì.

Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ló wà ní èkejì. Ẹni yìí kò purọ́. "Gbogbo wọn ló jọra wọn lójú mi, bàbá. Ẹ̀yìn wọn nìkan là ń rí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n ti rí i o! Lọ́sẹ̀ tó kọjá! Tún yàrá ẹ̀ ṣe!" Obìnrin náà figbe ayọ̀ ta tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ àti káfíńtà fi gbọ́ ọ. Ìyá mọ irú igbe yẹn. Ìyá ọmọ ló ń ké.

Kò sí ènìyàn kankan ní etíkun kẹta. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń pe ọmọ rẹ̀ sí òkun.

"Bàbá, ẹ má pè é mọ́."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo kọ ọjọ́ yẹn. Báàgì yẹn ti lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ tú u ni mo fi yí ọjọ́ ẹ̀ padà. Irọ́ sì ni alágboorùn yẹn pa fún yín."

Bàbá sọ báàgì kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ tó ti sùn. Ó jókòó tì í. Ìyá ń dúró de èébú, tàbí ìgbájú pàápàá, kò sì bẹ̀rù èyíkéyìí.

"Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ," ni bàbá wí. "Láàárọ̀ yìí, mo rò pé mo ti bọ́ nínú méjèèjì. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

"Èmi náà lẹ́nì kan tó pọn báàgì lọ."

"Ìgbà wo lẹ gbóhùn ẹ̀ kẹ́yìn?"

Ìyá ní èsì ìbéèrè yìí lẹ́nu. Ìyàwó tí ọmọ tirẹ̀ fi sílẹ̀ ń bi í lóṣooṣù, èsì rẹ̀ kì í sì yí padà: ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ó ń bọ̀, ó ní kí n kí ẹ. Ó la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ọdún mẹ́ta," lohun tó jáde. "Ọdún mẹ́ta, bàbá. Ìyàwó ẹ̀ ò tíì fẹ́ ẹlòmíì. Èmi ni mo ń sọ fún un pé ó ń pè mí."

Ìgbà náà ló tó dùn ún. Ó dùn ún láyà, ó dùn ún nínú ikùn tó fi gbé ọmọ náà, ó sì jókòó sórí iyanrìn.

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ó na fóònù sí i.

"Ẹ pe ìyàwó ọmọ yín," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, kẹ́ ẹ dá a padà fún mi. Èmi náà máa pe ìyá ọmọ mi padà."