Ilẹ̀ Tí Ìyá Mi Ṣubú Sí

Bí o bá ṣèèṣì fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ ládùúgbò wa, má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́, àfi bí o bá ṣe tán láti fi bó ṣe ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ kí ọ pẹ̀lẹ́, wọ́n á bá ọ di ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: Ibo lo dúró sí? Ọwọ́ wo lo fi mú ọ̀bẹ? Ta ló pè ọ́ tí o fi wẹ̀yìn? Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè wọ́n ní Màmá Báwo-ló-ṣe-ṣẹlẹ̀.

Aránṣọ ni Màmá. Nígbà kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún wọn wọ àtàǹpàkò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ figbe ta, Màmá ní kí wọ́n dákẹ́, àwọn ń ronú. Wọ́n wá rántí pé ìkòkò tó ń hó lórí iná làwọn bojú wẹ̀yìn wò. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá wà lórí iná, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ ké.

Nígbà mìíràn, ọmọ ará ilé kejì wa fa ìkòkò ọbẹ̀ lulẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ọbẹ̀ ti tutù. Bí ìyá ọmọ ṣe ń wá pàṣán, Màmá ti kúnlẹ̀ níwájú sítóòfù kí ojú wọn lè bá ti ọmọ náà dọ́gba. "Háà! Ọwọ́ ìkòkò nìkan lèèyàn ń rí níbí. Èmi náà á fà á!" Wọ́n yí ọwọ́ ìkòkò sí ọ̀dọ̀ ògiri, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín, títí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Láàárọ̀ ni, nínú yàrá, bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgúnpá wọn bó. Nígbà kejì, orí wọn gbá ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ àgbà ti rẹ̀, ìyá wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyá mi ò fẹ́. Ilé tí àwọn àti bàbá wa jọ kọ́ ni. "Ṣé kí n wá di ẹrù nílé onílé ni?" Ta ló gbọ́? Èmi gan-an ni mo bá wọn di àpótí, ọkàn mi sì bàjẹ́.

A ti fẹ́ gbé àpótí jáde nígbà tí Màmá wọlé. "Ẹ dúró ná. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. "Màmá, àgbà ṣubú ni! Kí lẹ tún ń wádìí?"

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi, ilẹ̀ tó ṣubú sí ni mo fẹ́ wò."

Wọ́n dùbúlẹ̀ sípò ìyá mi, wọ́n yán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wọ́n di bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé rọ́ọ̀gì tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rà nítorí òtútù. Fìò! Rọ́ọ̀gì yọ̀ lọ, Màmá rọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ orí okùn. Mo pariwo, àmọ́ ẹ̀rín ni Màmá ń rín. "Mo ti rí i o!"

A ká rọ́ọ̀gì. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí eyín ara mi.

"Ta ló fi pọ́líìṣì kun ibí?"

"Èmi ni," ìyá mi dáhùn, orí wọn wú. Iṣẹ́ ilẹ̀ dídán ní ọ́fíìsì ni wọ́n fi tọ́ wa. "Ṣé kí n kun àárín yàrá, kí n wá fi abẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀? Iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn."

Ìyá mi wo ilẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. "Ìyẹn ni pé... kì í ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ tó ń bá pọ́líìṣì jà láti ìgbà yìí!"

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé àwọn kì í mu omi lálẹ́ mọ́, kí ìtọ̀ má baà jí àwọn, torí ẹ̀rù àtidìde ń bà wọ́n. Ojú tì mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé rọ́ọ̀gì, ó lọ jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ tó fẹ́ fi gbé ìyá wa lọ. Nígbà tó padà wọlé, ìyá mi ti tú àpótí, wọ́n ń kó aṣọ wọn padà sípò, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn lọ́wọ́ mú.