Ilé Àna Tí Wọ́n Ti Ta Ọmọ

Folúkẹ́ ọ̀rẹ́ mi, tá a jọ ń gbé ní àdúgbò Penbrooke Meadows nílùú òyìnbó níbí, kì í tètè kórìíra nǹkan. Nọ́ọ̀sì ni. Ìgbẹ́ àti èébì aláìsàn ló ń nù látàárọ̀, kì í yínmú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó bá a wí.

Gbémiga ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ Heather, ọmọ òyìnbó kan. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í gbéyàwó láì wádìí ilé tó ti wá: ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í ya wèrè. Folúkẹ́ ní snow ò ní kóun gbàgbé ìyẹn. Ó bi Clement, bàbá Heather, pé irú ìdílé wo ni wọ́n. Inú bàbá náà dùn gan-an. Ó ní ká wá jẹun nílé òun, pé ó pẹ́ tóun ti ń tọpa àwọn baba ńlá òun.

A ò tíì bu òkèlè kan tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní baba ńlá òun kan wà lára àwọn tó wọkọ̀ ojú omi lọ tẹ̀dó sí Virginia, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pàṣẹ ní Amẹ́ríkà. Ó gbin tábà, ó ra ẹrú. Ẹrúbìnrin ẹ̀ kan bímọbìnrin fún un. Lọ́dún tí tábà ò ṣe dáadáa, ó ta ọmọ ọ̀hún, ọmọ bíbí inú ẹ̀ o, ó fowó ẹ̀ ra ẹṣin. Clement rẹ́rìn-ín, ó ní baba àgbà òun mọ òwò ṣe.

Mo wo ẹran inú àwo mi, mo fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó.

Folúkẹ́ rọra bi í pé ibo lọmọ náà já sí. Clement lóun ò wá a, ìyẹn kì í ṣe ara ìdílé àwọn. Heather dorí kodò.

Folúkẹ́ ti àwo sẹ́yìn, ó dìde, èmi náà bá a dìde. Gbémiga sáré tẹ̀lé wa jáde.

"Mummy, please. It's three hundred years ago."

"Òkú kọ́ ni mò ń bá jà. Èyí tó wà láàyè tó ń rẹ́rìn-ín ni. Kẹ́ ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fún yín lọ́mọ? Ilé tí wọ́n ti fọmọ ra ẹṣin?" Ó tutọ́ sínú snow. "Fẹ́ Heather, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n n ò ní tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ìyẹn."

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀, kò sí ìtọrọ ọmọ. Níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ní downtown, Heather fúnra ẹ̀ ló kúnlẹ̀ kí Folúkẹ́, ó sì gbà á mọ́ra. Ni Clement náà bá na ọwọ́ sí i. Folúkẹ́ wo ọwọ́ ọ̀hún bí ẹni wo ìdin, ó sì ki tiẹ̀ méjèèjì bọ àpò kóòtù.