Irin Àyà Mi ní Pápákọ̀ Òfurufú

Ìṣó àti páànù ni mo fi gbogbo ayé mi tà ní Sakété, n kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ki irin bọ èmi náà lára. Nígbà tí ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sinmi láàárín iṣẹ́ bí ọ̀lẹ, àwọn dókítà fi ẹ̀rọ kékeré kan sí abẹ́ awọ àyà mi, kó máa ta á jí. Pílì là ń pè é, bí èyí tí à ń kì bọ rédíò. Ara mi yá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Igana, lápá Pobè, ló ń gbé. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Alágbẹ̀dẹ ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, kò sì sí irin tuntun tí í ṣiṣẹ́ nínú agboolé wọn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé iwájú Ògún: kẹ̀kẹ́ ni o, alùpùpù ni o, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ni o. Wọn á ta epo sí i, wọn á wúre. Ó ti pẹ́ tó ti ń bi mí pé ìgbà wo ni màá gbé àyà mi wá.

"Kristẹni ni mí," ni mo máa ń wí.

Á ní, "Irin náà ńkọ́?"

Nígbà tó yá, ọmọ mi obìnrin bímọ ní Faransé, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n wá gbé e jó. Ẹ̀gbọ́n mi fàáké kọ́rí. Ó ti gbọ́ pé ẹnu ọ̀nà kan wà ní pápákọ̀ òfurufú tó ń wá irin lára ènìyàn. Bó bá pa tèmi kú ńkọ́? Bó bá sì ní kí n má lọ, n kò ní lọ, torí ìyá ló jẹ́ fún mi. Mo ṣàlàyé títí pé mo ní káàdì tí àwọn dókítà fún mi láti fi hàn pé irin wà láyà mi, pé n kò ní gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá, ọwọ́ ni wọn yóò fi yẹ̀ mí wò. Lójijì ló gbà. Ó tilẹ̀ ní kí n mú ṣòkòtò ìrìnàjò mi wá, kí òun bá mi rán ibi tó tú. Ẹni tó gbọ́n ì bá ti fura.

Ní Kútọnu, ó sìn mí dé ibi tí wọn kì í jẹ́ kí asinni kọjá. Mo na káàdì mi sí òṣìṣẹ́ aláàbò, mo ka Faransé tí mo ti kọ́ sórí láti Sakété fún un. Mo gbóhùn sókè díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí à ń tì gba ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà yà mí sápá kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń fọwọ́ tẹ̀ mí láti èjìká wá. Ó dé ìbàdí, ó dúró.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Pílì ni."

"Ẹ ní àyà ni pílì wà. Ìbàdí nìyí."

Ó tú ojú rírán, ó fa àdá kan jáde, àdá irin tí kò gùn ju ìka lọ, tí epo pupa ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí n kò gbé àyà mi dé ọ̀dọ̀ Ògún, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé Ògún wá bá àyà mi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọnú àpò mi.

Mo rò pé ọkùnrin náà yóò jù ú sínú garawa tí wọ́n ń da ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí sí. Kò jù ú. Ọmọ Fọ̀n ni, Gú ni wọ́n ń pe Ògún lọ́dọ̀ tiwọn, ó sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, òun náà kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní àdá kì í wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo ní kí wọ́n jù ú nù. Ó ní kí èmi jù ú nù. Mo wo àdá, mo wo garawa. Èmi Kristẹni, ọwọ́ mi kò gbé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn, wọ́n sì ti ń pe àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wa.

"Ta ló ni ín?" ni ọ̀gá bi mí níkẹyìn.

Mo nawọ́ sí ìta. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì dúró síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà gbé àdá sórí abala ìwé kan bí ẹni gbé ẹyin, a jọ jáde tọ̀ ọ́ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ̀ pé "má lọ" ló kù tí yóò sọ. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta gàrí fún àwọn ará Àjàṣẹ́, ó gbọ́ Gùn, èdè wọn tó sún mọ́ Fọ̀n, òun ló sì fi bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Kò wo ojú mi rárá.

"Ọmọ mi, ṣé o fọwọ́ kan àyà rẹ̀?"

"Mo fọwọ́ kàn án, Màmá."

"Ṣé ó ń lù?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tún fi ọwọ́ lé mi láyà lójú gbogbo ènìyàn, ó dúró díẹ̀.

"Ó ń lù dáadáa, Màmá."

Ẹ̀gbọ́n mi gba àdá, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. "Gbogbo àwọn tí mo tọ́ ti kú tán," ló wí. "Èyí nìkan ló kù. Ta ni yóò máa fọwọ́ kàn án fún mi lọ́hùn-ún?"

"Ọmọ rẹ̀, Màmá."

Ó ronú sí i. "Ó dáa. Kó máa lọ."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò lè dá a dúró. Bí a ti ń padà wọlé, òṣìṣẹ́ náà bi mí bóyá pílì ló ń dà mí láàmú. Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi ni.