Òwúrọ̀ Tí Dúpẹ́ Ní Wọ́n Ti Pààrọ̀ Ìyá Òun

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo rí fíìmù tó bà mí lẹ́rù jù láyé mi. Mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ ṣe ń gba àdúgbò Lokongoma kọjá ní Lokoja, ìyá arúgbó kan nahùn láti ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀: "Òkun o!" Gbogbo rẹ̀ sì padà wá sí mi lọ́kàn.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má ṣì í gbọ́, òkun yìí kì í ṣe omi. Ìkíni wa ni, òun náà la fi ń dáhùn, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa, ará Ìjùmú, Yàgbà, Owé àti Bùnú.

Nígbà náà, Lokoja ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Kọ́tàsì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba là ń gbé, nísàlẹ̀ Òkè Patti: ilé funfun kan náà, fèrèsé aláwọ̀ ewé kan náà. Àwọn ìyàwó ilé ṣèpàdé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sá ẹ̀gẹ́ síwájú ilé mọ́, kí gbogbo ọmọ sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí a lè yege nínú ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, Dúpẹ́, ni alága wọn.

Kò pẹ́ sí i ni ìyá tó bí ìyá Dúpẹ́ dé láti abúlé. Ìyé la ń pè é, bí àwa Òkun ti ń pe ìyá. Ó máa ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, a máa fi òkun kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Àwa ọmọ á dáhùn pé, "Gúdù mọ́níìn, Mà." Ó ń dùn ún. "Bí ilé yìí ò bá lẹ́ni tí yóò dá mi lóhùn, n óò padà sóko mi." Dúpẹ́, tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ kó lọ rárá.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, a kó jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n bàbá Dúpẹ́. Fíìmù òyìnbó ni, tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, nípa àdúgbò kan tó mọ́ tónítóní, tí koríko ibẹ̀ ga bákan náà, tí àwọn ìyá ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bákan náà. Ẹni tuntun tó bá kó débẹ̀, wọ́n á pè é sípàdé. Bó bá jáde, ara rẹ̀ nìkan ló kù; wọ́n ti pààrọ̀ ẹni inú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan dán ìyá rẹ̀ wò, ó bi í pé orúkọ wo ló fi ń kẹ́ òun. Ìyá náà kàn rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Dúpẹ́ wọ ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀. "Màmá, òkun o."

"Gúdù mọ́níìn, dálìn," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Dúpẹ́ figbe ta. Láìwọ bàtà ló sá dé ilé wa. "Wọ́n ti pààrọ̀ Màmá mi!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé èyí tí wọ́n gbé wá tiẹ̀ mọ ọbẹ̀ sè?"

Ìyé ò rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Ọmọ yẹn ríran," ló wí. Ó di ẹrù rẹ̀.

Ìyá Dúpẹ́ sìn ín dé géètì kọ́tàsì. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyé, nítorí ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ ni."

Ìyé sọ ẹrù kalẹ̀, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Òkun o," ó wí, ó sì dúró. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé bí ó bá rí ìdáhùn, ẹrù náà yóò padà sílé. Ìyá Dúpẹ́ bojú wẹ̀yìn. Àwọn ìyàwó ilé méjì dúró létí ọgbà, wọ́n ń wò ó.

"Báì-báì, Mà," ló sọ.

Ìyé kú lábúlé kí òjò ọdún náà tó dá. Dúpẹ́ wà nílùú òyìnbó báyìí. A ò gbúròó ara wa mọ́.

Ìyá arúgbó tó nahùn ní Lokongoma yẹn, ìyá Dúpẹ́ ni. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo dáhùn: "Òkun o, Ìyé." Ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú pálọ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń kí wọn," ló sọ fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì dára. Òun ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n lára tiwa: bí ẹni tó bí yín bá kí yín, ohùn tó fi kí yín ni kí ẹ fi dá a lóhùn, nígbà tó ṣì ń retí rẹ̀.