Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Ọ́ńkù

Sharjah nílẹ̀ Lárúbáwá ni mò ń gbé nígbà náà, Deira tó wà ní ìlú kejì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ Ìbàdàn, la jọ gba yàrá kan. Èmi ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Rigga. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ń ra bàtà àti báàgì, á kó wọn fún àwọn oníkágò ní Al Muraqqabat kí wọ́n bá a fi ránṣẹ́ sí Èkó. Bàbá ará Íńdíà kan ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa láràárọ̀. Car lift ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọ́ńkù la máa ń pè é. Òun náà ń pè mí ní beti, ìyẹn ọmọ mi obìnrin ní èdè wọn.

Ọ́ńkù kì í ṣíná mọ́tò láìkọ́kọ́ dijú. Á fi àtàǹpàkò máa yí ìlẹ̀kẹ̀ onígi kan tó jọ tẹ̀súbà tèmi, ètè rẹ̀ á máa mì, ṣùgbọ́n ohùn kò ní jáde. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ràn ohun tó ń ṣe yìí rárá. Èmi máa ń jókòó níwájú, ẹ̀yìn ni òun máa ń jókòó sí, á sì máa bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Àbúrò, ọfọ̀ ni bàbá yìí ń pè. Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ há sójú ọ̀nà, mo kúkú bi í léèrè.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń sọ yẹn?"

Kò bínú. Ó ní mántra ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ àdúrà tí wọ́n máa ń pè léraléra, pé ìgbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́ ni olùkọ́ òun sọ ọ́ sí òun létí. *Om Namah Shivaya.* Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, mo forí balẹ̀ fún Shiva, òrìṣà tó ń tú ohun tó ti gbó ká kí tuntun lè ráyè. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ní ilẹ̀ wà níbẹ̀, omi àti iná wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ àti òfurufú náà sì wà níbẹ̀.

"Kì í ṣe pé mò ń fi pàṣẹ fún nǹkan kan, beti. Ọkàn èèyàn ń rìn gbéregbère. Mántra ni okùn tí mo fi ń so ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá mí sínú, mo pè é. Bí mo bá mí síta, mo pè é. Téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnu ló fi ń pè é. Tó bá yá, á di inú ọkàn."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ kọ́ lo máa pè é mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa pe ara rẹ̀."

Nígbà tí ọ̀gìnnìtìn dé ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Mántra tí a kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí gbangba. Bá a bá dúró níbi iná ọ̀nà, á máa pè é. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á máa pè é lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wakọ̀ kọjá ibi tó yẹ ká yà sí. Nígbà tí mo pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ó ní, "Khalas, ó ti tán, àgbà ti dé."

"Jẹ́ ká wá ẹlòmíràn," ni ẹ̀gbọ́n sọ nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀. "Ohun tí bàbá yìí ń pè ti fẹ́ dá a lóhùn."

Kò pẹ́ sí i, kùrukùru ńlá bo ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ ti mọ́, síbẹ̀ iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wa nìkan là ń rí, pupa bàìbàì. Ọ́ńkù ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fà sí òsì.

"Ọ́ńkù, kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Om Namah Shivaya."

"Ọ́ńkù, ẹ̀ ń fà sí òsì!"

"Om Namah Shivaya," ó tún wí, bí ẹni tó ń fèsì gan-an.

Ẹ̀gbọ́n fi igbe ta, ó ń pe Jésù. Mo yíjú wo Ọ́ńkù. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti já bọ́ sórí itan. Mo na ọwọ́, mo gbá ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú. Ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mi ò tilẹ̀ rí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì di ìtọ́kọ̀ mú pinpin, kò jẹ́ kí n yí i. Gbogbo ohun tí mo sọ kò wọ̀ ọ́ létí. Ni mo bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Èmi Mùsùlùmí, mo ń pè é pẹ̀lú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè é kó tó ṣíná mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Mo yí ọkọ̀ sí ọ̀tún títí ó fi kan ẹ̀gbẹ́ títì, mo fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n ló pe ọkọ̀ aláìsàn. A dúró sínú funfun yẹn, à ń gbọ́ ìró táyà àwọn ọkọ̀ tí a kò rí.

Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà ní ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ rẹ̀ ló bà jẹ́, pé ohun téèyàn ti ń wí láti ìgbà pípẹ́ nìkan ló sábà máa ń ṣẹ́ kù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Muscat. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá ó mọ òun. Mántra ló fi dáhùn. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ mu omi, mántra náà ni. A kò mọ èyí tó jẹ́ omi, a kò mọ èyí tó jẹ́ ìrora.

Ọjọ́ tí a lọ kí i kẹ́yìn ní ọsibítù, kí ọmọ rẹ̀ tó gbé e lọ sílé ní Íńdíà, ó fi ọwọ́ òsì gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Èmi kọ́ ló ń wò. Ẹ̀yìn mi ló ń wò, níbi ilẹ̀kùn, ó sì ń pè é kíákíá, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó dúró sáàárín títì. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan.

"Ó ń kí yín ni," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Mo ti gbọ́ bí Ọ́ńkù ṣe ń kíni. Kò jọ ọ́.

Àtẹ̀gùn la gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rò pé ó rí?"

"Má bi mí," ló wí. "Jẹ́ ká ṣáà máa lọ."